Ọjọ́ Tí Mo Gbé Bọ́ọ̀sì Wọ Inú Láfún ní Kuta

Ọjọ́ tí mo wa bọ́ọ̀sì lọ sí Kuta kò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé rẹ̀.

Oṣù méjì péré ni mo tíì lò nídìí iṣẹ́ ká máa gbé ẹrù lọ fún oníbàárà nílùú Ìwó. Ọ̀gá wa, Alhaji, ní ìlànà tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀kadà ni yóò máa fi gbé ẹrù káàkiri inú ìlú. Bó bá ṣe oṣù mẹ́fà láìsí ẹ̀sùn, ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, wọ́n á sì fi kún owó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n tó ń fúnni ní bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí Kuta àti Olúpọ̀nnà. Owó oníbọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwa. Ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lójú tèmi, ọdún kan àtààbọ̀ ti pẹ́ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibà dá oníbọ́ọ̀sì wa wólẹ̀. Alhaji béèrè ẹni tó mọ mọ́tò wà. Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti nawọ́.

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa, sà."

Ọkọ̀ àna mi nìkan ni mo wà rí, inú pápá ilé-ìwé, ọwọ́ àna mi ló sì wà lórí sítíárìn. Mo sọ fún ara mi pé àti pápá àti títì, ilẹ̀ náà ni gbogbo wọn.

Jíà kan ṣoṣo tí mo rí mú ni mo fi dé Kuta. Ọkọ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bàbá kan tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá lára mi, wọ́n sì kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Mo já ẹrù àkọ́kọ́ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn ni nǹkan yíwọ́. Ẹsẹ̀ mi wá bíréèkì, kò bá a. Bọ́ọ̀sì kúrò lójú títì, ó lọ dúró sáàárín láfún tí màmá àgbàlagbà kan sá sórí ọ̀rá níwájú ilé wọn.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí láfún tó kù.

Màmá jáde wá. "Ṣé o ò fara pa?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Dìde, o tún ń bà á jẹ́ sí i. Jókòó síbí, kí o ṣa èyí tó ṣì dáa."

Bí mo ṣe ń ṣa láfún nìyẹn, tí mo ń sọ fún wọn pé ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí màmá ń bi mí ní orúkọ ọmọ tuntun, tí wọ́n tún bu ẹ̀wà fún mi jẹ. Nígbà tí Alhaji tí mo pè lórí fóònù fi gun ọ̀kadà dé, orí mi ti funfun bíi ti arúgbó.

"Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò?"

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi, sà."

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà ló bá mi bẹ Alhaji, wọ́n ní abiyamọ wà nílé mi. Alhaji sanwó láfún, kò sì lé mi, ṣùgbọ́n ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà mi láti ọjọ́ kejì. Oṣù méjì tí mo ti ṣe wọgbó.

Mo ti di oníbọ́ọ̀sì báyìí. Alhaji fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fo àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ni yóò ti tún un gùn. Àwọn tá a jọ wọṣẹ́ ti fi oṣù méjì ṣáájú mi débi owó ńlá. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ tán, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kì í dúró kí n ṣírò rẹ̀ tán kó tó rín tiẹ̀.