Aṣọ Awọ Tó Ní Ihò Lẹ́yìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó máa wọ aṣọ òkú, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tó pa á"? Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má bojú wẹ̀yìn o.

Ládépò, télọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń gbé ìlú olókè kan nílẹ̀ Yúróòpù. Ẹgbẹ́ eléré kan wà níbẹ̀ tó máa ń múra bí ọdẹ ayé àtijọ́: aṣọ awọ, fìlà onírun, ọrun àti ọfà. Wọ́n mú un lọ wo aṣọ tí wọ́n bá lára òkú ọdẹ kan nínú yìnyín.

Hẹ́líga, olórí wọn, ní, "Télọ̀, tó o bá rán irú ẹ̀ láìyàtọ̀, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ eré. Ìwọ la máa tẹ̀ lé."

Inú Ládépò dùn. Ọdún mẹ́fà ló ti lò nílùú yẹn, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e rí.

Ẹ sì mọ télọ̀ wa: tẹ́ ẹ bá fún un láṣọ pé kó fi ṣe àwòṣe, ohun tó bá rí ló máa rán. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn aṣọ òkú náà. Ládépò dá ihò sí tirẹ̀ náà, ó ká etí rẹ̀, ó rán an yípo.

Ìyá Dúró, ìyàwó rẹ̀, tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá Dúró, kí ló pa ẹni tó ni aṣọ yìí?"

"Ìwọ̀n àyà rẹ̀ ni mo bèèrè. Ikú rẹ̀ ò sí lára iṣẹ́ mi."

"Ẹ rán ihò yẹn pa, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rán an pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ihò ti là. Òwú ò já o. Ẹnì kan tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ká a jọ sórí tábìlì.

"Ẹni tó tú u yìí mọṣẹ́," ni Ládépò wí, ó sì gbé aṣọ wọ̀. Awọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ ni. Ojú ihò nìkan ló tutù.

"Ìyá Dúró, yéé fìka gún mi lẹ́yìn!"

"Ta ló gún yín? Inú kíṣìnnì ni mo wà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, ìlú péjọ sẹ́sẹ̀ òkè. Ládépò ṣíwájú, ó ń gun òkè lọ. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, àwọn ẹgbẹ́ ti dúró nísàlẹ̀. Síbẹ̀, ipa ẹsẹ̀ èèyàn méjì ló wà lórí yìnyín. Èkejì ò wọ bàtà.

"Hẹ́líga! Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

"Kò séèyàn! Máa lọ! Ibi tó kú sí ló kù díẹ̀ yẹn!"

"Ta ló kú?"

"Ọdẹ náà! Ọfà ló bá a lẹ́yìn. Ikú rẹ̀ là ń fi ṣeré, ṣé o ò mọ̀ ni? Má bẹ̀rù, a ti fi òwú wé ẹnu ọfà!"

Ládépò ò dúró gbọ́ ti òwú. Ó bọ́ aṣọ, ó ku ṣòkòtò péńpé, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Aṣọ ò ṣubú. Ó nà ró ṣánṣán lórí yìnyín, apá rẹ̀ kún, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọfà dé, fìì! Ó gba inú ihò wọlé. Ìgbà yẹn ni aṣọ tó rọra wó lulẹ̀.

Àtẹ́wọ́ sọ. Gbogbo ìlú bá tẹ̀ lé Ládépò, wọ́n ń yìn ín títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ìyá Dúró ṣílẹ̀kùn, ó wo ṣòkòtò péńpé. "Bàbá Dúró, ẹ ti wá bèèrè?"

"Mo ti bèèrè." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ọfà ni."

"Ó dáa. Ta wá ni ọkùnrin tí ò wọ bàtà tẹ́ ẹ mú wálé yìí?"

Látọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé aṣọ fún Ládépò, kì í mú okùn ìwọ̀n mọ́ kó tó la ẹnu bèèrè. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ yín wò. Ẹni tó máa wọ aṣọ òkú, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tó pa á.