Ẹsẹ̀ tí Akínpẹ̀lú Yàn fún Ọsàn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó ń kánjú kì í yan ẹsẹ̀ fún ọsàn"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ jókòó, kí n sọ ìbànújẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ fún yín.

Àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Akínpẹ̀lú. Kò nílẹ̀. Orí ilẹ̀ bàbá arúgbó kan, Ọ̀jẹ́wùmí, ló ń dáko sí, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí wúkọ́ títí, ó ní, "Akínpẹ̀lú, gbin ọsàn síbẹ̀. Bí mo bá mu ún tó dùn lẹ́nu mi kí n tó kú, ilẹ̀ di tìrẹ tọmọtọmọ. Bí kò bá dùn, kó ẹrù ẹ."

Ẹ gbọ́, lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọsàn, ọsàn dídùn kì í dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Wọ́n á bẹ́ ojú ẹ̀, ibi tó ti ń rú ewé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ èèpo igi mìíràn. Igi yẹn ló máa di ẹsẹ̀ fún un. Ìbídùn, ìyàwó Akínpẹ̀lú, ti gbin hóró jàgànyìn, ọsàn kíkan nì, sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Jàgànyìn ò yá láti dàgbà, ṣùgbọ́n ọsàn tó bá dúró lórí ẹ̀ a máa dùn.

"Jàgànyìn kẹ̀?" ni Akínpẹ̀lú wí. "Ṣé o ò gbọ́ ikọ́ bàbá ni? Kó tó so, a ó ti sin wọ́n, àwọn ọmọ wọn á sì ti lé wa dànù."

"Bàbá Ìdògbé, ẹ ṣe sùúrù," ni ìyàwó ẹ̀ wí.

"Ṣé sùúrù ló máa dá ikú dúró ni?"

Ló bá fa jàgànyìn tu. Ó lọ wú lẹ́mọ́ọ̀nù ẹ̀bá odò, igi tó ń dàgbà bí koríko òjò, ó fi ìyẹn ṣe ẹsẹ̀.

Igi ọ̀hún yára lóòótọ́. Bí bàbá bá ti wúkọ́ báyìí, Akínpẹ̀lú á sáré lọ da ìgbẹ́ adìyẹ sídìí ọsàn. Igi ga ju òrùlé lọ. Ó so, èso kan tó orí ọmọ ọwọ́. Akínpẹ̀lú ti ń fẹsẹ̀ wọn ibi tó máa kọ́lé sí.

Bàbá dé tòun tọ̀bẹ. Ó bó èèpo, ó bó o, kò kan inú.

"Akínpẹ̀lú, ṣé iṣu lo gbìn ni?"

Nígbà tí èèpo fi máa tán, ohun tó kù ò ju ẹyin adìyẹ lọ. Bàbá mu ún.

"Ó dùn, àbí, Bàbá?"

"Kò dùn. Kò tilẹ̀ kan. Àfi bí ẹni mu omi òjò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu òmíràn! Bóyá èyí tó wà lókè…"

Bàbá mu odidi apẹ̀rẹ̀ kan. Ó dìde, ó fẹ́ wúkọ́, ikọ́ ò wá. Ó tún gbìyànjú, kò wá.

"Háà! Ikọ́ mi ti lọ! Akínpẹ̀lú, o ṣe mí lóore, o ò ní ṣìṣe. Ó yá, lọ di ẹrù ẹ."

Ẹ̀yin èèyàn, bàbá ò kú o! Ó pẹ́ láyé débi pé, ká ní wọ́n fi jàgànyìn sílẹ̀, ọsàn orí ẹ̀ ì bá so títí táwọn ẹyẹ á fi máa kọ̀ ọ́. Akínpẹ̀lú ń ru ẹrù láti abà dé abà, ibi tó bá sì dé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé Ọ̀jẹ́wùmí tún ti fẹ́yàwó. Ìbídùn kì í bá a jà. Bó bá ti rí i tó ń sáré níwájú, á kàn ní:

"Bàbá Ìdògbé, ẹ rọra máa rìn. Kò kúkú síbi tí à ń lọ."

Òun ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹni tó ń kánjú kì í yan ẹsẹ̀ fún ọsàn.