Bárísítà Láoyè àti Lẹ́tà Tí Kò Tú

Bí ẹ bá pàdé Láoyè ní Schöneberg nílùú Berlin lọ́dún 2018, tí ẹ sì kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà," kò ní dá yín lóhùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é ní Bárísítà. Láoyè Agbẹjọ́rò-má-kùnà ni, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe lọ́yà lórí tẹlifíṣọ̀n nílé, tí kò pàdánù ẹjọ́ kan ṣoṣo. Báwo ni yóò ṣe pàdánù? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ eré náà.

Nígbà tí eré kásẹ̀ nílẹ̀, Láoyè rò ó pé iṣẹ́ lọ́yà ti mọ́ òun lára, ìwé ẹ̀rí ló kù. Ó wá sí Berlin, ó ka òfin fún ọdún kan, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì fi férémù sí i. Lẹ́tà kan bá ìwé ẹ̀rí náà wá, ó ní ìwé ẹ̀rí yẹn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti rojọ́ ní kóòtù Jámánì. Láoyè rí i pé orúkọ òun kò sí nínú rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn férémù.

Ẹ má bá a wí, iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ya eré wọn, wọn kì í fún òṣèré ní odindi ìtàn, kó má baà lọ tú àṣírí ìparí rẹ̀. Ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nìkan ni wọ́n ń já fún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́ ni Dúnní, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé Jenfeld ní Hamburg. Dúnní bímọ, ìyá rẹ̀ wá láti ilé wá bá a wẹ ọmọ, ni onílé bá ní èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó fún un ní Kündigung pé kó kó jáde, ó sì gbé e lọ sí kóòtù. Ọmọ ọwọ́ rèé, òtútù rèé, ilé kò sì ṣeé rí ní Hamburg. Ẹ̀rù ba Dúnní gidigidi.

Ó pe Láoyè lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ kó gba òun.

"Sùn dáadáa," ni Bárísítà fèsì. "Lẹ́tà yòówù tó bá wá, má tú u. Fi ránṣẹ́ sí mi. Oníbàárà tó ń ka lẹ́tà ló máa ń ba ẹjọ́ jẹ́."

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ti Láoyè tún yàtọ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan, ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Ó kọ ọ̀rọ̀ olójú ìwé mẹ́ta, ó há a sórí níwájú dígí, ó sì kéde lórí WhatsApp pé kí àwọn ọmọ Yorùbá Billstedt, ní Hamburg níbẹ̀, wá wòran ní kóòtù. Èèyàn mọ́kànlá wá. Láoyè sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè pẹ̀lú wíìgì funfun tó fi ṣeré, bẹ́ẹ̀ adájọ́ Jámánì gan-an kì í dé wíìgì.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́, ó dìde, ó wúkọ́, ó kẹ̀yìn sí adájọ́, ó sì kọjú sí èrò, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà máa ń wà. Kò tíì parí gbólóhùn kìíní tí adájọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Láoyè gbé férémù jáde. Obìnrin náà yí i padà, ó ka lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kó lọ jókòó láàárín àwọn òǹwòran. Ojú ti Láoyè. Kò jókòó wo ẹlòmíràn rí láyé rẹ̀.

Ni lọ́yà onílé bá sọ pé àwọn ti kọ̀wé sí Dúnní ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn: bí ìyá rẹ̀ bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà sílé, kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ẹjọ́ ti tán. Àwọn kò sì rí èsì. Adájọ́ wo Dúnní, Dúnní wo ẹ̀yìn, gbogbo kóòtù wá wo Láoyè.

Ó yọ lẹ́tà náà nínú báàgì rẹ̀. Kò tíì tú u. Ó ti fi bírò pupa kọ nǹkan ní Yorùbá sábẹ́ orúkọ lọ́yà onílé lára àpò rẹ̀, adájọ́ sì ní kí Dúnní túmọ̀ rẹ̀.

"Ó kọ ọ́ pé, 'Ọ̀rọ̀ alátakò. Tèmi kọ́.'"

Àwọn mọ́kànlá bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Dúnní ṣí pọ́ọ̀sì, ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Èkó. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹjọ́ parí, Dúnní sì ní ilé rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Láoyè ti ká wíìgì sínú àpò. Ìyá Dúnní, tí kò pa eré rẹ̀ jẹ rí fún ọdún mẹ́sàn-án, fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bárísítà mi, o kú iṣẹ́. Nínú gbogbo ibi tí mo ti ń wò ọ́, ibi tí o ti dákẹ́ lónìí yìí ló dùn jù."