Láwàní Sarkin Fítà

Ní Zogbeli, ládùúgbò kan ní Tamale ní Gánà, bí Àbdùsàlámì fítà bá ń bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó yà fún un, òun kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Òun ni Baba Ẹ́ńjìnnì, òun ni Ọkọ Sípánà, òun ni A-fetí-mọ-àìsàn-ọkọ̀. Bí ẹ ò bá kì í, á ki ara rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la sáà fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Nígbà tí Sarkin Fítà, olórí gbogbo àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Tamale, kú, ta ni ipò náà ì bá tún tọ́ sí? Wọ́n dá àárọ̀ Sátidé tí Alhaji Màmúdù, àgbà àwọn ará Ìlọrin tó ń gbé níbẹ̀, yóò wé láwàní fún Àbdùsàlámì. Ó ku ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ.

Pijó rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń ha òkúta ojú ọ̀nà. Kò yẹ kí Sarki máa rìn kí abẹ́ rẹ̀ máa ha ilẹ̀. Àbdùsàlámì tú àwo náà, ó fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Gbogbo fítà ló mọ ohun tó kàn. Ẹ́ńjìnnì ní ẹnu kan tó rọ̀ sínú àwo náà, òun ló fi ń fa ọ́ìlì mu. Ẹni tó bá lu àwo gbọ́dọ̀ lẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ ẹnu yẹn, kó de àwo padà, kó tún un tú, kó wo bí ìyẹ̀fun náà ṣe nípọn tó. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àyè ò sí nìyẹn, òùngbẹ ni yóò pa ẹ́ńjìnnì. Àbdùsàlámì gan-an ló fòfin yìí lélẹ̀, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí rẹ̀.

Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀, tó ń din bọ́fúrọ́ọ̀tì, ìyẹn pọ́fù-pọ́fù tiwọn, lẹ́nu ọ̀nà, bu ìyẹ̀fun wá. "Baba Rùkáyátù, ẹ gbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó de àwo."

"Haba! Ẹni tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún lọ́la ni kó máa fi ìyẹ̀fun ṣeré lójú ayé?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé..."

"Àwọn tí ojú wọn ò mọ ìwọ̀n ni mo sọ ọ́ fún. Ojú Sarki, ìwọ̀n ni, walahi!"

Sàfúrátù ju ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú epo gbígbóná. Àbdùsàlámì de àwo láìdán an wò.

Ilé Alhaji kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, kí ayé lè rí i, Sarki wọ agbádá funfun, ó gbé ìyàwó sẹ́yìn ọkọ̀, ó yípo lọ sí Kpalsi, ó tún gba Dungu, eré ni ó ń sá.

Iná pupa tàn níwájú rẹ̀.

"Baba Rùkáyátù, iná ọ́ìlì kọ́ nìyẹn?"

"Ó ń kí mi ni."

Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà.

"Èyí ńkọ́?"

"Agbára ni!"

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti mọ̀. Bó bá dúró báyìí, àwo nìkan ni yóò tún ṣe, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Ṣé Sarki ni yóò wá ṣí iwájú ọkọ̀ lójú títì? Ó tún tẹ iná mọ́ ọn.

Iwájú ilé Alhaji gan-an, níbi tí èrò péjọ sí, ọkọ̀ ké gbàà, ó kú. Tìjání, fítà láti Dungu, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lé òkúta, wọ́n tú àwo. Ẹnu ẹ́ńjìnnì ti tẹ àpá roboto sí ìdí rẹ̀.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ wo àwo náà. "Kí ló yẹ kó fi dán an wò?"

"Ìyẹ̀fun, Bàbá!" ni gbogbo fítà dáhùn.

"Ta ló kọ́ yín?"

Gbogbo ìka nà sí Àbdùsàlámì.

Alhaji ká láwàní náà, ó fi há abíyá. "Tò. A ó wá ẹlòmíràn. Ẹ bá a ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé."

Wọ́n ń tì í, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Àbdùsàlámì jókòó sídìí sítíárì, ó gbórí sókè, ó ń wo iwájú bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Sàfúrátù, tó ń tì pẹ̀lú wọn, sáré kan fèrèsé.

"Baba Rùkáyátù, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ wá bá wa tì í."

"Èmi? Nínú agbádá?"

"Ẹ máa bọ̀. Kò kúkú sí láwàní lórí yín tó máa jábọ́."