Ẹnu Páìpù Tí Mo Fi Agolo Dé

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Ajégúnlẹ̀, àmọ́ nígbà tó di àárọ̀, oòrùn yọ ganrínganrín. Mo ní kí n sá aṣọ sórí dẹ́kìn, lókè pátápátá ilé alájà mẹ́ta tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tó ní kí n máa bá òun mójú tó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí páìpù oníke funfun kan tó la ẹnu sókè. Òórùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Mo yí i po. Omi ìdọ̀tí kì í gòkè. Kí ni páìpù rẹ̀ ń wá lókè? Mo ní Ráṣídì, pọ́lọ́ńbà tó ṣe é, ló gbàgbé láti dé e. Ní tèmi, ohun tó bá ti la ẹnu, ìdérí ló ń wá, ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe kànga. Mo fi ọ̀rá wé e, mo fi agolo mílíìkì ńlá dé e, mo fi okùn dì í pinpin. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo kọ́lé.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ejiro, ayálégbé ìsàlẹ̀, fi pariwo.

"Mama! My toilet dey talk o!"

"Kí ló wí?"

Àṣé òótọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá da omi lókè, tìsàlẹ̀ á dáhùn: gbúlúgbúlú! Nígbà tó di ọ̀sán, òórùn ti gba gbogbo yàrá, ìfófòó ọṣẹ àwọn ará òkè sì ń hó jáde ní balùwẹ̀ Ìyá Ejiro. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo ní iṣẹ́ jákujàku ni Ráṣídì ṣe.

"Màámi, ẹ ní kó wá tún un ṣe. Kó má sì dé ilé tí mò ń kọ́ ní Ìjọra mọ́. Màá wá ẹlòmíì."

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ Ìjọra yẹn ni Ráṣídì gbójú lé.

Ó dé, ó yẹ ìsàlẹ̀ wò, kò rí nǹkan. Ó gòkè. Agolo ló gbé sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ta ló fún ilé yìí lọ́rùn?"

"Òórùn ló ń jáde níbẹ̀," mo fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Kó lè jáde la ṣe gbé e lọ sókè! Òfin iṣẹ́ wa ni, Màmá. Páìpù ilé alájà gbọ́dọ̀ yọrí, kó máa mí. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ fà, á fa omi tó ń dènà òórùn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ."

Èmi tí mo ta òróró fún ọdún gbọọrọ, tí mo máa ń lu ihò sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì kó tó lè dà geere! Àmọ́ ojú kò tì mí débi tí n kò fi ní béèrè ọ̀rọ̀. Mo ní kí ló dé tí irin tó mú páìpù mọ́ ògiri kò fún un pinpin. Ó ní páìpù oníke máa ń gùn sí i nínú oòrùn, bí wọ́n bá fún un jù, á bẹ́. Mo ní, "Ẹn-ẹ́n!"

Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ bá ọmọ mi ní Ìjọra.

"Èmi ni mo dí páìpù. Ráṣídì mọṣẹ́. Pè é padà."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màámi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pe Ráṣídì lójú mi. Mo ti kọ́gbọ́n: kí n tó dí ohun tí n kò mọ̀dí rẹ̀, n ó kọ́kọ́ béèrè. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tèmi kò dénú, nítorí ọmọ mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri dẹ́kìn ilé tó ń kọ́ ní Ìjọra náà, níbi tí páìpù máa gbà yọ, pé: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé e."