Oníbàárà Àkọ́kọ́ Tí Áàpù Kòsírúmi Rí

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Kòsírúmi kò mọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú fóònù gbogbo ọ́fíìsì ló kó ọ̀ràn tirẹ̀ dé!

Kòsírúmi kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ náà, torí bó bá mu omi, á ní kò sẹ́ni tó lè mu omi bíi tòun. Bó bá sín, á wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá ẹnìkan á pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí nínú ọ́fíìsì wọn, tábìlì gbọọrọ kan wà tí àwọ̀n pín sí méjì. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á máa fi pátákó kékeré gbá bọ́ọ̀lù síra wọn níbẹ̀, pàkà-pòkò, pàkà-pòkò. Kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́, Kòsírúmi á ti figbe ta: "Mo tún ti nà wọ́n o!" Kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà tẹ́nì kan jẹ, ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ló jàre.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó wọlé, ó wú bíi búrẹ́dì.

"Mo ti ṣe áàpù kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Ẹni tó bá jẹ nídìí bọ́ọ̀lù wa á gba máàkì, ẹni tó bá pàdánù, á yọ máàkì lára rẹ̀, á sì to gbogbo yín látòkè délẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì tí kò ní rà á láyé!"

"Ta ló máa wà lókè?" Ìyá Ìbejì tó ń ṣírò owó ló bi í, tòun ti oyún nínú.

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé wọ́n ń bi oòrùn pé ibo ló ń gbé ni?"

Ọ̀gá wọn, ẹni jẹ́jẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan nínú rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ẹ̀ka iléeṣẹ́ wa ló máa gbà á lò. Bí kò bá sí, kó o jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́."

"Ẹnì kan kẹ̀? Wọ́n á tò síta ni!"

Nígbà tó délé, ó ní kí ìyàwó òun sọ àwọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n máa rà.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó fèsì, "ṣé ká kọ́kọ́ tún ilẹ̀kùn ṣe ná?"

Kòsírúmi kò gbọ́. Ìkíni ló ń kọ fún oníbàárà àkọ́kọ́. Ó fi ìró fèrè sí i, ó fi àyè sílẹ̀ kí áàpù fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ẹni náà àti ohun tó rà, pẹ̀lú fọ́tò, kó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, kí ìlara lè mú àwọn tó kù.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ yìí gun áàpù, ó bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kejì! Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ kan gbá bọ́ọ̀lù, ó fi èkejì di ikùn rẹ̀ mú, ó na Kòsírúmi. Awakọ̀ ọ́fíìsì ń kí àna rẹ̀ lórí fóònù, òun náà na Kòsírúmi, kò tiẹ̀ dá ìkíni náà dúró.

Kó tó di ọjọ́rú, ẹnìkan ṣoṣo ló kù lábẹ́ Kòsírúmi: Àlejò, orúkọ tó fi dán áàpù wò. Àlejò kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò di pátákó mú rí. Orí òdo ló jókòó sí jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, Kòsírúmi jìn sábẹ́ òdo, Àlejò sì borí rẹ̀!

"Òótọ́ mà ni," ni awakọ̀ wí, "kò sírú ẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀!"

"Ẹ wá ra nǹkan nínú áàpù o!" ni Kòsírúmi ń ké.

"Kí la fẹ́ rà? Ọ̀fẹ́ la fi ń wò ẹ́, ó sì ń dùn mọ́ wa."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyàwó rẹ̀ pè é: "Màá fi ìwọ tó o wà lókè nínú áàpù han màmá mi lónìí o." Òógùn bo Kòsírúmi. Ó sáré fi ọjà tuntun kún áàpù: ẹni tó bá sanwó, orúkọ rẹ̀ á pòórá. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tìlẹ̀kùn, ó fi káàdì ara rẹ̀ sanwó. Orúkọ lọ! Ó mí kanlẹ̀.

Fèrè bá dún nínú fóònù Ìyá Ìbejì. Ó dún nínú ti awakọ̀. Ó dún ní yàrá ọ̀gá. Fọ́tò Kòsírúmi yọ, eyín rẹ̀ hàn dé èrìgì: "Ẹ bá wa yọ̀! Kòsírúmi ti ra: kí wọ́n fi orúkọ òun pamọ́!"

Ọ̀bẹ tí wọ́n ní kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, tirẹ̀ gbẹ́ èkù, ó gbẹ́ ọwọ́ tó dì í mú.

Ọ̀gá kan ilẹ̀kùn. "Jáde wá, jàre. Ẹnì kan ti sanwó, mi ò ní yẹ àdéhùn. Mo ti fi ìkíni yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

Kòsírúmi ò tíì mọ̀ bóyá kóun jó tàbí kóun sunkún tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Olówó orí mi, èmi àti màmá ti rí ibi tó o wà nínú áàpù kó o tó sá pamọ́. Àlejò tó gbapò lọ́wọ́ ẹ yìí, ó jọ pé ó mọ nǹkan ṣe. Ṣé kò lè wá bá wa tún ilẹ̀kùn ṣe?"