Ẹ Gba Kíndìnrín Mi Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ẹjọ́ tó jẹ́ pé bí òkú bá gbọ́ ọ, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá òun padà sílé kí òun lè gbọ́ ìdájọ́. Télọ̀ kan ló pe ẹjọ́ náà, ọkùnrin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló pè lẹ́jọ́, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Apá-Òpó. Iṣẹ́ Apá-Òpó kò ju kó máa gbé irin kí ara rẹ̀ lè wú. Ara náà sì wú lóòótọ́: wọ́n ní láti yọ ìlẹ̀kùn ààfin kí ó tó ráyè wọlé. Nígbà tó jókòó, àga bẹ Ọlọ́run.

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò kúrò ní ẹ̀yìn ìbàdí. Ó fi wọ́n bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó há sáàárín jáwójáwó.

"Olóyè, ẹ gbà mí o! Ẹ gba kíndìnrín mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ó ti mú un lọ ni?"

"Wọn ò tíì mú un, Olóyè. Wọ́n ń dúró dè é ni."

Olóyè tún fìlà dé. "Là á yé mi."

"Olóyè, Bọ̀ọ̀dá mi ń jẹ ẹyin bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ koríko. Ẹran ni wọ́n fi ń jí, ẹja ni wọ́n fi ń sùn, ìyẹ̀fun wàrà ni wọ́n ń pò mu láàárín. Adìẹ àdúgbò wa, bí wọ́n bá ti gbúròó wọn, wọ́n á yára yé kó má di pé Bọ̀ọ̀dá gbé àwọn fúnra wọn jẹ. Àwọn èèyàn wá ní, 'Apá-Òpó, rọra o! Oúnjẹ amúaradàgbà ní àjẹjù a máa ba kíndìnrín jẹ́.' Ṣé ẹ mọ èsì tí wọ́n fọ̀? Wọ́n ní, 'Bí tèmi bá bàjẹ́, ti àbúrò mi wà ńlẹ̀.'"

Ààfin hó yèè.

"Apá-Òpó, ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Olóyè. Ọkọ̀ wo ló mọ ara ẹ̀ tí kì í gbé sípíà táyà rìn?"

"Èmi ni sípíà táyà?" ni Télọ̀ figbe ta.

"Sípíà gidi! Olóyè, ẹ wo bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Mi ò jẹ́ kó fẹnu kan iyọ̀. Omi tó ń mu, èmi ni mò ń bù ú. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò?"

"Wọ́n ń tẹ̀ lé mi dé ilé ìtọ̀, Olóyè! Wọ́n á ki orí bọ fèrèsé, wọ́n á ní, 'Jẹ́ kó dà dáadáa, má fi nǹkan mi ṣeré!'"

"Nǹkan ta?"

"Nǹkan wọn, Olóyè. Wọn kì í pè é ní tèmi mọ́."

Olóyè pe ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá Irin, ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí Apá-Òpó ti ń gbé irin, ló kọ́kọ́ dìde.

"Olóyè, ẹyin kì í ba kíndìnrín jẹ́, láéláé! Ọkàn mi balẹ̀ bí omi àmù."

"Ìwọ wá ńkọ́, ṣé o ní sípíà?"

Ọ̀gá Irin wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi ni, Olóyè. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀."

Ìyá àwọn méjèèjì bọ́ síwájú. "Olóyè, mi ò bí ọ̀kan kó wá ṣe àpótí èkejì. Ṣùgbọ́n Apá-Òpó kò fìyà jẹ àbúrò ẹ̀ rí, àfi pé ó ń fi í ṣe irin láràárọ̀."

"Ó ń fi í ṣe kín ni?"

"Irin, Olóyè. Tọmọ tẹ̀rọ ìránṣọ ló ń gbé sókè. Ọmọ náà á sì máa ránṣọ lọ lókè ọ̀hún. Ó kàn máa ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni."

"Ìdí tí mo fi ń gbé oògùn ara ríro mì bíi súìtì láràárọ̀ nìyẹn," ni Télọ̀ wí.

"Háà!" Nọ́ọ̀sì kan tó wá wòran fò dìde láàárín èrò. "Láràárọ̀? Olóyè, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ tọ̀ sínú ife wá."

Ó fa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì. "Kíndìnrín tó bá dá pé kì í jẹ́ kí èròjà ẹyin àti ẹran bá ìtọ̀ jáde. Bó bá jáde, bébà yìí á di àwọ̀ ewé."

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, kálukú pẹ̀lú ife tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti bébà bọ ti Apá-Òpó: kò yí padà. Apá-Òpó fò sókè, òrùlé ààfin ṣí, ó tún padà dé. Nọ́ọ̀sì wá ti òmíràn bọ ti Télọ̀.

Bébà di ewé tútù.

Olóyè la ojú roboto. "Ẹni tó ń jẹ ẹyin kò tọ ẹyin. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ ló wá ń tọ̀ ọ́?"

"Olóyè, bí kíndìnrín bá dá pé, a ò tíì rí i gbá mú pé oúnjẹ yẹn ń bà á jẹ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀ ló yẹ kó sá fún àjẹjù. Oògùn ara ríro yẹn ni mo fura sí lára Télọ̀. Ṣùgbọ́n bébà kì í ṣe dókítà. Kí àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí Télọ̀ sì lọ lónìí."

Ọwọ́ Télọ̀ já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ti ń ṣọ́ lọ́wọ́ olè, àṣé ilé ni olè ti jà á.

"Sípíà mi!" ni Apá-Òpó ké. Ó wá rí ojú àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Àbúrò mi."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń jù mí sókè."

Olóyè na ìrùkẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Ẹyin kò jẹ̀bi, kó máa lọ sílé ẹ̀. Apá-Òpó ló jẹ̀bi. Láti òní, ìwọ ni sípíà táyà. O ò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀. Àbúrò rẹ ni yóò máa ki orí bọ fèrèsé nígbà tí o bá ń tọ̀. Pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn báyìí. Bó bá fi lè já bọ́ lọ́nà, kíndìnrín rẹ kan ni owó ìtanràn. Ọ̀gá Irin, ìwọ lọ sọ fún ìyàwó rẹ."

Ọ̀gá Irin bú sẹ́kún.

Ìyá wọn tú ìborùn rẹ̀, ó fi so Télọ̀ mọ́ ẹ̀yìn Apá-Òpó bí ọmọ ọwọ́. Apá-Òpó, ẹni tó ń gbé irin bí ẹni gbé ìyẹ́, wá ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ru ẹyin tí kò ní èèpo.

Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Télọ̀ fi sọ̀rọ̀ sí i létí láti ẹ̀yìn.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti mumi lónìí? Ẹ má fi nǹkan mi ṣeré o."